Ìdí Tí A Fi Ń Pe Òpùrọ́ ní Agbẹ́gilére

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó tètè bá mi ni, n kì bá tí wọ Igbó Elére, ẹ̀yin náà kì bá tí rí nǹkan tí ẹ ó tìtorí rẹ̀ jókòó yí mi ká ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó ń wúkọ́, kó jáde lọ wú u tán kó tó padà wọlé, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń já lágbede méjì. Èmi Ọdẹ́tóún, ọmọ Ògúnrìndé, obìnrin tó ń yìnbọn tí ọkùnrin ń ru ẹran tẹ̀lé e, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo ti bá ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tó há tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ kú kí èkejì tó kọjá, ẹ sì rí i pé èmi ni mo jókòó síwájú yín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ti bù mí jẹ, kò sí èyí tó dà bí owú. Ẹkùn a bu ènìyàn jẹ, a bá tirẹ̀ lọ. Owú a bu ni jẹ tán, a tún jókòó ti ojú ọgbẹ́, a máa lá a.

Ọnàdélé ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Agbẹ́gilére ni. Ẹ̀yin àlejò tó wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní ìlú mìíràn, ẹni tó ń gbẹ́ igi di ère nìkan ni wọ́n ń fún ní orúkọ yẹn. Ní Òkè-Àràbà wa níbí, òpùrọ́ náà, agbẹ́gilére là ń pè é. Bí ọmọ bá jẹ ẹran inú ìkòkò tó ní ológbò ni, ìyá rẹ̀ a ní, “Agbẹ́gilére, nu ẹnu rẹ.” Bí ọba bá sì fẹ́ ṣe òpó ààfin, a ní kí wọ́n lọ pe agbẹ́gilére wá, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé èwo nínú méjèèjì. Bí a ṣe bá ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Èmi ni mo lọ wá ìdí rẹ̀ dé, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìmọ̀ o. Owú ló rán mi níṣẹ́.

Àwọn agbẹ́gilére wa ní àṣà kan. Kí wọ́n tó gé igi, wọ́n a kọ́kọ́ pe ère. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ nǹkan yóò dúró lábẹ́ igi àfọ̀n ní gbàgede, yóò sì máa ròyìn ère náà fún gbogbo ènìyàn bí ẹni pé ó ti parí rẹ̀. Yóò ní, “Mo ní ẹṣin kan nílé, imú rẹ̀ ń fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ,” bẹ́ẹ̀ ẹṣin náà ṣì wà nínú igbó, ewé ló hù lórí, ẹyẹ ló ń sùn sí i lára. Ohun kan ṣoṣo tó ya pípe ère sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́ ni pé ẹni tó ń pè é gbọ́dọ̀ fi ẹnu àáké rẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó la ẹnu. Bí àáké bá kan ilẹ̀, ère ni. Bí kò bá kan ilẹ̀, ẹjọ́ ni.

Àwa ọdẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ kì í dárúkọ ẹran tí kò tíì pa. Àfi kí ìrù wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó la ẹnu. Nítorí náà, kí n tó jowú obìnrin kankan, mo ti ń jowú ẹnu Ọnàdélé. Èmi a wọ igbó, òjò a pa mí, ẹ̀gún a fà mí láṣọ ya, n ó ru ẹran wọ̀lú, wọ́n a ní, “O kú iṣẹ́.” Ọnàdélé a dúró lábẹ́ àfọ̀n, kò tíì gé ẹ̀ka kan, gbogbo gbàgede a máa hó yèè, àwọn obìnrin a máa fi etí gèlè nu ojú. Ó pe ilẹ̀kùn kan fún èmi náà. Ilẹ̀kùn ilé tí àwa méjèèjì yóò jọ gbé ni, gbogbo ẹran tí mo ti pa yóò sì wà lára rẹ̀, ẹfọ̀n, erin, ẹkùn, wọn yóò tò lẹ́sẹẹsẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi àáké kan ilẹ̀, ojú mi ló ṣe é. Òjò rọ̀, ọ̀dá dá, òjò tún rọ̀. Ilé parí. Ẹní ni a fi dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìròyìn tó pẹ́. Mo ti oko ọdẹ dé, ìrù ẹfọ̀n ń mì dìrọdìrọ ní èjìká mi, mo ń retí kí ẹnìkan kí mi. Ìyá Fèyítìmí, ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í dákẹ́ sí nínú, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

“Ọdẹ́tóún, o pẹ́! Àná ló yẹ kí o dé!”

“Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá, mà?”

“Kí ni kò ṣẹlẹ̀? Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ dúró lábẹ́ àfọ̀n, ó ní òun ti ní ìyàwó kan ní Igbó Elére. Ó ní ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó ní èjí wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń wà nílé.” Ìyá Fèyítìmí wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n tó ti gbẹ mọ́ mi láṣọ. “Ó máa ń wà nílé, Ọdẹ́tóún.”

“Ṣé ó fi àáké kan ilẹ̀?”

“Àáké wo?”

“Àáké rẹ̀, mà. Ṣé ó kan ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀?”

“Hẹn-ẹn! Ọkùnrin ń ròyìn èjí obìnrin, èmi ó wá máa wo ilẹ̀? Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò!”

Mo béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó ní àáké kan ilẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ó ní kò kàn án, ó ní ọkọ òun ń bo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ láṣìírí ni, ó sì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ọkọ náà fẹ́ kí wọ́n bá òun náà bò. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń já ara wọn ní fìlà àti gèlè. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó wo ọwọ́ Ọnàdélé. N kò wẹ̀, n kò jẹun. Mo di ẹ̀tù àti ọta sínú àpò, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bí ó bá jẹ́ ère ni, n ó rí ère. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni, òun náà yóò rí mi.

N kò ní sọ bí mo ṣe fi ọjọ́ díẹ̀ rìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń rìn, kó dìde kó rìn. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ní gbogbo ọ̀nà, èmi nìkan kọ́ ni mò ń lọ. Ọlọ́rùn gbọọrọ yẹn ń rìn níwájú mi. Mo ń rí i tó ń bu omi, mo ń rí i tó ń gbálẹ̀, mo ń gbọ́ tó ń dáhùn “Ẹ̀ẹ́n, baálé mi.” Mo tilẹ̀ fún un ní orúkọ kí n lè rí nǹkan fi bú u. Ẹni tó bá ní òun kì í jowú, kò tíì ní ohun tó dùn ún.

Nínú èébú yẹn ni mo wà tí ẹkùn fi yọ sí mi. Ẹ má mí kanlẹ̀ o. Kì í ṣe irú ẹkùn tí ẹ mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ojú kan, etí kan, ẹsẹ̀ iwájú kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, gbogbo rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Apá òsì rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí pákó tí a fi ayùn là, mo sì rí ojú igi lára rẹ̀. Ó bú ramúramù, àbọ̀ ohùn ló jáde. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín. Mo ní ẹ̀yin, èmi tí n kì í ta àsé, ọta gba ibi tí wọn kò gbẹ́ kọjá, ó lọ bá igi mìíràn jà! Ẹkùn fò mọ́ mi. Ìgbà náà ni ọpọlọ ọdẹ ṣiṣẹ́ lórí mi. Ohun tí kò ní ẹ̀gbẹ́ òsì, báwo ni yóò ṣe yà sí òsì? Mo sá yí ìdí igi ìrókò kan ká, òsì, òsì, òsì ni mò ń yà. Ẹkùn fẹ́ yà tẹ̀lé mi, ó ṣubú. Ó dìde, ó fẹ́ yà, ó tún ṣubú. Nígbà tó ṣe, ó jókòó, ó bojú wo ẹ̀gbẹ́ tí kò ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò rí ẹkùn tó sunkún rí. Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò níwájú rẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi kan igi mìíràn, mo sì fara tì í láti mí.

“Obìnrin yìí,” ni igi náà wí, “ẹnu ìbọn rẹ ń gún mi níhà.”

Mo fò sókè. Igi náà ní ojú méjì láàárín èèpo, irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìtàkùn, ọwọ́ rẹ̀ kan di àáké kan mú tí ìpẹtà ti jẹ di abẹ́rẹ́. Ènìyàn ni tẹ́lẹ̀, èèpo ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kíá. Àgbà tí èèpo bò, ẹni tí kò bá kí i kò lẹ́kọ̀ọ́.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹkùn ló lé mi.”

“Mo rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú yín ló pè é. Ó gbẹ́ ẹ dé àbọ̀, ó lọ jẹ ìnáwó, kò padà wá. Ibí yìí ni gbogbo ohun tí wọ́n bá pè tí wọn kò gbẹ́ tán ń gbé. Ìwọ ńkọ́, ta ló pè ọ́?”

“Orogún ló pè mí, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, àbà Ọnàdélé ni mò ń wá. Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá àáké rẹ̀ kan ilẹ̀.”

Bàbá Eléèpo rẹ́rìn-ín, ewé sì ń já bọ́ lé mi lórí. “N kì í fi ọ̀nà han ẹni tí kò lè dáhùn ọ̀rọ̀. Kí ló ti wà kí ó tó wà?”

“Orogún ni,” mo dáhùn kíá. “Mo ti rí ọrùn rẹ̀, mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ti bá a jà dé ibí, n kò tíì pàdé rẹ̀.”

“Ère ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tìrẹ náà ò burú. Kí ló ń bàjẹ́ bí ẹni tó ni ín bá yíjú?”

“Ọbẹ̀ tó wà lórí iná,” mo ní. “Àti ọkọ.”

“O ń dáhùn bí ẹni tí inú ń bí. Ó dára. Ọmọ méjì wà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan ń bọ́ ìlú, ọ̀kan ń fi ebi pa ìlú. Ta ni wọ́n?”

“Agbẹ́gilére àti agbẹ́gilére. Ọmọdé Òkè-Àràbà mọ ìyẹn, bàbá. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkankan kò mọ̀.”

“Èmi mọ̀ ọ́n,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ lásán. Fún mi ní òtítọ́ kan. Mú èyí tó dùn mọ́ ọ jù nínú gbogbo òtítọ́ tó o ní, fi fún mi. Yóò ṣì jẹ́ òtítọ́ o, n kò ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ lẹ́nu rẹ mọ́.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ronú. Mo yẹ gbogbo ohun tí mo ti pa wò bí ẹni tó ń yẹ ẹrù aṣọ wò, mo ń wá èyí tó ti gbó. Bàbá náà ń wò mí. Ó mọ̀. Nígbà tó ṣe, mo fún un ní erin mi. Erin tí mo dá nìkan pa létí odò Àlùwẹ̀, pẹ̀lú ọta ẹyọ kan ṣoṣo, lábẹ́ etí òsì, tó ṣubú tí ilẹ̀ fi mì tí ẹja sì fò jáde sórí iyanrìn...

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí i? Ìwọ Akínlàbí, o ń bo ẹnu, mo rí èjìká rẹ tó ń gbọ̀n. “Ìyá Ọdẹ, ẹ̀yin náà ti dé!” Mo ti mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Kí n tó wọ Igbó Elére, bàbá rẹ gan-an wà lára àwọn tó ru ẹran náà, ó sì jẹ nínú rẹ̀ títí inú fi run ún. Nígbà tí mo dé, mo fi ìrù hàn án, ó ní ìrù ẹṣin ni. Ẹ máa rín in lọ. Mo fi tọrẹ ni, ẹ kò jẹ̀bi.

Bàbá Eléèpo gbé erin náà mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ìyàn ló mú,” ni ó wí. “Àwọn baba ńlá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀bá igbó yìí ni. Igi nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà náà, kò sí ẹran kan. Ọmọdé ń sunkún, àgbà ń sunkún. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dìde láàárín wọn. A ò gbìmọ̀ pọ̀, ojú ló ro wá. Mo ní, ‘Ẹ má sunkún mọ́, mo rí etu nínú igbó.’ Ọ̀rẹ́ mi ní, ‘Èmi náà rí i.’ Irọ́ gbuu ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn nu ojú nù, wọ́n dáná, wọ́n gbé omi kaná de ẹran. Ó wá ku àwa méjì pẹ̀lú ìkòkò omi tó ń hó. Ọ̀rẹ́ mi wo ìkòkò, ó ní òun ń lọ tọ̀. Kò padà wá. Ó lọ sí abúlé kejì, ó sọ ọ́ níbẹ̀, àwọn náà gbé omi kaná. Èmi náà ìbá lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo wọ igbó, mo gé igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ etu. N kò mọ̀ ọ́n gbẹ́ o! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju tiwájú lọ, ìdí nìyẹn tí etu fi ń tẹ̀ síwájú bó bá ń rìn. Mò ń gbẹ́ ẹ, mò ń sọ fún un pé etu ni, òun náà ń wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mò ń pa fún un, títí mo fi la ojú rẹ̀. Ó sì sá.”

“Wọ́n wá sọ yín ní agbẹ́gilére.”

“Wọ́n sọ mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ní kí ni àwọn ó sọ ọ̀rẹ́ mi? Ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ìkòkò ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní, ‘Mo wo ojú àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ojú kan náà ni. Bí ẹ bá fún wọn ní orúkọ méjì, àwọn ọmọ yín yóò máa rò pé a lè ti ẹnu dá wọn mọ̀. Ẹ pè wọ́n ní nǹkan kan náà, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lè dìde lọ wo ìdí igi.’ Bí ó ṣe di orúkọ nìyẹn. Etu kan kò lè yó ìlú, nítorí náà mo padà síbí, mo gbẹ́ ìgalà, mo gbẹ́ ẹfọ̀n. Mo dúró títí èèpo fi bò mí.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ńlá! Ẹfọ̀n tí mo fi ń yangàn láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìbọn, agbẹ́gilére ló ṣe é! Ó dùn mí wọra. Mo ń jowú obìnrin nígbà tí mo kúrò nílé, mo wá ń jowú igi.

“Àáké Ọnàdélé ńkọ́, bàbá? Ṣé ó kan ilẹ̀?”

“Àáké?” Ó rẹ́rìn-ín títí ìtàkùn irùngbọ̀n rẹ̀ fi lọ́ mọ́ra. “Àwọn ọmọ ọmọ wa ló fi ìyẹn kún un, kí ẹni tó ń gbọ́ má baà wàhálà láti rìn dé inú igbó. Bóyá ó kàn án, bóyá kò kàn án. Tẹ̀lé ọ̀nà yìí, kí o lọ wò ó bóyá ó dúró.”

Mo dúpẹ́, mo kọjá. Ní ọ̀nà náà ni mo ti pàdé ohun tí mo fẹ́ kí n má pàdé. Ilẹ̀kùn ni. Ó ń fi igun kan rìn bí arọ, ó ń wọ́ ara bọ̀ láàárín igbó. Wọ́n ti gbẹ́ orí ẹfọ̀n kan sí i lókè, ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ nawọ́ sí ìbọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọwọ́ ìjà erin wà, láìsí erin. Ìyókù jẹ́ pákó lásán.

“Ìyá,” ni ilẹ̀kùn náà wí, “ẹ káàbọ̀. Ṣé ilé ti parí?”

“Ilé ti parí.”

“Kí ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?”

“Ẹní ni.”

Ojú tì í. Ó yí orí ẹfọ̀n rẹ̀ kọ igi, ẹ̀yìn tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ló kọ sí mi. “Ọnàdélé máa ń gba ibí kọjá lọ bu omi,” ni ó wí. “Kì í wò mí. Mo ti bọ́ sójú ọ̀nà kó lè kọsẹ̀ lára mi, ó fò mí dá.” N kò mọ ohun tí a ń sọ fún ilẹ̀kùn. Mo fi ọwọ́ pa á lórí, mo sì lọ. Nígbà tí mo rìn díẹ̀, mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára igi, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ìró ẹni tí kò kánjú ni.

Ó dúró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dúró! Mo yọ sí i láàárín ewé, mo rí Ọnàdélé tó ti gbẹ bí panla, èérún igi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, kò gbé ojú sókè. Níwájú rẹ̀ ni obìnrin náà jókòó sí lórí àpótí. Igi ni dé ìbàdí. Láti ìbàdí lọ sókè, n kò lè sọ pé igi ni, n kò lè sọ pé ara ni. Ọrùn gùn gbọọrọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dán bí ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún kò gún rí. Ìró àlàárì mi, èyí tí mo gbé fún Ọnàdélé pé kó bá mi tọ́jú di ọjọ́ ìgbéyàwó, òun ló ró mọ́ ìbàdí. Ilẹ̀kùn mi ti rí òjò, ó ti rí ọ̀dá, ó ń fi igun kan rìn. Obìnrin yìí, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú nìkan ló kù kí ó là. Mo gbé ìbọn, mo fi ẹnu rẹ̀ sí àyà obìnrin igi náà, ẹ̀ka gbígbẹ kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

“Ta ló dé?” ni obìnrin náà béèrè. Ó yí ojú tó dí sí ọ̀dọ̀ mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Èjí wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ẹ má bínú pé n kò dìde, mi ò tíì ríran ni.”

Ẹ sọ fún mi, kí ni ènìyàn ń fi irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo ti múra fún èébú, mo ti múra fún ẹkún. N kò múra fún “ẹ káàbọ̀.”

Ọnàdélé gbé ojú sókè. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Àwẹ̀ró,” ni ó wí. Oríkì mi ni.

“Má fi ẹnu yẹn pè mí. Ère lo pè àbí irọ́ lo pa?”

“Irọ́ ni,” ni ó wí, kò sì fi falẹ̀. “Nígbà tí mo dúró lábẹ́ àfọ̀n, irọ́ ni. Wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an lo máa wọ̀lú. Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀, kí o gbọ́ ọ, kí o fa aṣọ mi ya lójú gbogbo ènìyàn. Àwẹ̀ró, bí o bá ti igbó dé, ẹran lo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí bí o bá bínú nítorí mi. Mò ń sọ̀rọ̀, mò ń wo ọ̀nà. O ò dé.”

“Mo dé lọ́jọ́ kejì.”

“Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Gbogbo ìlú ti rí èjí rẹ̀. Mo wá síbí kí n lè sá pamọ́, mo fara ti igi kan, mo sì rí i nínú rẹ̀ bí mo ti ṣe ròyìn rẹ̀. Mi ò lè fi í síbẹ̀.”

“O fi ilẹ̀kùn mi síbẹ̀.”

Ó wo ilẹ̀. Bí ó bá parọ́ fún mi nígbà yẹn, ìbá tù mí lára. Ọkùnrin tí mo ti ń bú ní òpùrọ́ láti ìlú dé igbó, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà lára ìdí ọ̀bẹ rẹ̀, kò jẹun, kò sùn, ó dúró ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bí Bàbá Eléèpo ṣe dúró ti etu. Ṣùgbọ́n ti obìnrin yìí ló dúró tì. Ẹnìkan náà ni, ó jẹ́ agbẹ́gilére fún èmi, ó jẹ́ agbẹ́gilére fún òun, mo sì mọ èyí tó kàn mí. Owú dé ibì kan nínú mi tí kò dé rí. N kò jowú ọrùn rẹ̀ mọ́, n kò jowú èjí rẹ̀. Èérún igi tó bo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà dé orúnkún ni mò ń jowú.

Ọnàdélé dìde, ó gbọn èérún nù. “Jẹ́ ká máa lọ,” ni ó wí. “Ní báyìí. Mo máa fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn rẹ ni mo máa kọ́kọ́ mú, mo máa parí rẹ̀ kí oṣù tó lé. Erin náà yóò pé. Mo fẹ́ ọ, Àwẹ̀ró. Ìwọ ni mo fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Mo sì gbà á gbọ́. Ẹ má rò pé mi ò gbà á gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ yí sí ọ̀nà ilé. Ohun tí mo wá dé inú igbó nìyẹn, ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, orogún mi yóò sì kù síbẹ̀ láìlójú, yóò máa fi ọwọ́ tálẹ̀ kiri láàárín ẹkùn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ẹṣin aláìlẹ́sẹ̀. Inú mi dùn sí i. Mo sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí: inú mi dùn.

Obìnrin náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí èérún. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá a nínú afẹ́fẹ́, ní ibi tí kò sí.

“Baálé mi,” ni ó wí, “ṣé ẹ ti ń lọ ni? Àlejò wa ò tíì jẹun.”

Ojú mi ni Ọnàdélé ń wò, ó ń dúró de ohun tí n ó sọ. Mo gbé ẹnu ìbọn sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọ̀bẹ rẹ̀ láàárín èérún igi, mo nu ún lára aṣọ mi, mo sì fi í lé e lọ́wọ́.

“Ọnàdélé,” mo ní, “mi ò ní fẹ́ ọ. Jókòó, kí o la ojú ìyàwó rẹ.”